Oorun Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ìbàdàn

Kí n tó dé Ìbàdàn, mo rò pé n kò ní jẹ́ àjèjì níbẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni wá ní Ṣábẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ìwé. Mo mọ̀ pé ibodè wà láàárín wa àti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni mo rò pé ó wà, n kò mọ̀ pé ó dé ẹnu. Ọjọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òjòó, mo bi obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá pé níbo ni mo ti lè rí ọkọ̀ Agbowó. Obìnrin náà wò mí, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Gbọ́ bí Àgànyìn yìí ṣe ń sọ Yorùbá. Ó mà ń gbìyànjú o."

Àgànyìn ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ti ọ̀nà Kùtọ̀nù, Tógò tàbí Gánà wá. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó tilẹ̀ dìde fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn mí, ó sì fún mi ní omi mu. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú báàgì mi, nítorí èdè tí ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni obìnrin yìí ní mo ń gbìyànjú láti sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù ni mo wá bá. Bàbá wa ti kú, ìyá wa nìkan ló kù sílé, Ràfíù sì ti pẹ́ ní Ìbàdàn kí n tó dé. Nígbà tí mo délé rẹ̀ ní Agbowó tí mo sọ ohun tí obìnrin yẹn wí fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí.

"Á mọ́ ẹ lára," ó ní. "Kùtọ̀nù ni wọ́n ń pe èmi, mo sì ń dá wọn lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé Kùtọ̀nù láyé mi."

Yàrá kan ló ní, nínú ilé gígùn kan tí àwọn yàrá ti dojú kọ ara wọn. Ó ta aṣọ sí àárín yàrá náà, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún mi. Ìyá tó ni ilé ń gbé ní yàrá àkọ́kọ́. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ kiri àgbàlá, Màmá Aládùúrà ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Mùsùlùmí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n Màmá kò fojú yẹn wò wá. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú èso, wọ́n á kan ilẹ̀kùn wa.

Iṣẹ́ irun ni mo mọ̀ ṣe. Mo ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan láàárín àwọn tó ń ṣe fọtokọ́pì, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé Yorùbá tí mo mọ̀ kò tó. Àwọn ọmọ yunifásítì kì í sọ gbólóhùn kan tán láìfi Gẹ̀ẹ́sì sí i. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí n ṣe é kó nítì, kí n má ṣe é kó táìtì, kí n fi báàkì rẹ̀ sílẹ̀. Màá mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ọmọbìnrin kan sunkún lábẹ́ ọwọ́ mi nítorí pé mo fà á le gan-an. Ó dìde ní ìdajì irun, ó sì lọ jókòó sídìí ẹlòmíràn. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo ń gbá.

Ẹni tó kọ́kọ́ padà jókòó sídìí mi ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó ń jẹ́ Bísólá. Kò tí ì pé ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù bí àgbàlagbà. Bó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì tó rí i pé kò yé mi, á tún un sọ, kò ní rẹ́rìn-ín. Á ṣí ìwé sórí itan, á máa kàwé, màá máa dirun, nígbà míì á sùn lọ, orí rẹ̀ á sì fẹ̀yìn tì mí níkùn. Ó sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ mi kì í dun èèyàn. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ń béèrè mi. Wọ́n á dé, ẹlòmíràn á wà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, wọ́n á ní rárá, Antí Kùtọ̀nù làwọn ń dúró dè. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi nínú, ó sì tún ń dùn mí. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti di èèyàn kan ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú tí kì í ṣe tèmi ni wọ́n fi sọ mí di èèyàn.

Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Lọ́sàn-án, ó ń fi kẹ̀kẹ́ márúwá kérò láàárín Agbowó àti Bódìjà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé kẹ̀kẹ́ wálé, á wẹ̀, á jẹun, á wọ kóòtù rẹ̀, á sì lọ ṣọdẹ ní ilé olówó kan ní Bódìjà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oorun rẹ̀ kò ní ibì kan pàtó. Ó ń sùn nínú kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi bó bá ń dúró de èrò. Ó ń sùn pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́. Ó máa ń jẹ obì kó má baà sùn, bí obì bá sì ti kọjá lára rẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Mo ní kó fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ó ní, "Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ló ń sùn. Bí èmi náà bá sùn, kí ni iṣẹ́ mi?"

Ní àkókò kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn gbé tábìlì síta ní Agbowó, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn aráàlú. Wọ́n wọn tirẹ̀, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n sì ní kó lọ rí dókítà. Ó lọ. Wọ́n fún un lóògùn, ó lò ó tán, orí fífọ́ náà sì rọlẹ̀. Ó gbà pé ó ti sàn nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni yóò máa lo oògùn yẹn.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni à ń pe ìyá wa. Fóònù aládùúgbò wọn ni wọ́n ń lò, wọ́n sì máa ń pariwo sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. Wọ́n á bi wá ohun tí a jẹ. Wọ́n á bi wá bóyá òjò rọ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ sì ń sùn dáadáa níbẹ̀?" Èmi àti Ràfíù á jọ fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ló ṣẹlẹ̀. Ràfíù ti Bódìjà dé, kò wọlé, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fọ kẹ̀kẹ́. Mo ń gbálẹ̀ níwájú ilé. Mo rí i tí àkísà bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú un nílẹ̀, ó fi sí ọwọ́ òsì padà, ó tún bọ́. Ó gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ohun tí wọ́n gbàgbé sí i lára. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní oorun ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó yíjú sí mi láti fèsì, mo sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ ti wọ́ wálẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti rọra jókòó sínú omi ọṣẹ.

Gbogbo ilé jáde. Ẹnì kan ní kí wọ́n fún un ní epo pupa mu. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi ṣíbí há eyín rẹ̀. Màmá Aládùúrà gbé omi àdúrà wá, wọ́n sì ń wọ́n ọn sí i lórí. Mo di orí rẹ̀ mú, n kò mọ èwo ni kí n gbà. Ọkùnrin kan tó ń ṣe fọtokọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ní rọpárọsẹ̀ nìyí, pé ilé ìwòsàn ló kàn. Òun náà ló wa kẹ̀kẹ́ Ràfíù, tí ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀, tó fi gbé wa lọ. Ọjà Bódìjà kún, ọ̀nà há, a kò rìn. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Èkejì gbà wá. Dókítà ibẹ̀ bi mí ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún un, ó sì wo aago rẹ̀. Ó ní oògùn kan wà tó lè tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tètè lò ó, àkókò rẹ̀ ti kọjá, àwọn kò tilẹ̀ ní in nílẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó sì ní kí a gbé e lọ sí Ring Road lọ ya fọ́tò inú orí.

A gbé e padà sí ilé ìwòsàn kejì yẹn pẹ̀lú fọ́tò náà, ó sì fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti dí ní apá ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀. Apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àkísà fi ń bọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ó béèrè ẹni tó wà nídìí kẹ̀kẹ́ òun. Ó ní kí n pe ilé olówó yẹn pé òun kò ní lè wá. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní kí n sọ fún ìyá wa pé ibà ni. Mo pe Màmá, mo ní ibà ni, ó ti ń gbádùn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì kí wọn. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ ti gbẹ o, Ràfíù. Sùn dáadáa." Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kẹta, kò jí dáadáa mọ́. Mo pè é, ó la ojú, ojú náà kọjá mi lọ, ó sì tún pa dé. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré wá, wọ́n fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ní kí n bọ́ síta.

Níta yẹn, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni mo ti rí irun kan tí mo mọ̀. Irun náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ojú ẹni tó gbé e. Èmi ni mo di í ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bísólá ni, nínú kóòtù funfun, ó ti parí ìwé rẹ̀, ó ti di dókítà, ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ ló sì wà. N kò mọ̀ pé ilé ìwòsàn yìí ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Antí, kí lẹ wá ṣe níbí?" Mo nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde, ó sì jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń wú.

"Kí ló ń mú un wú?"

"Omi ni, Antí." Ó ronú díẹ̀. Mo rí i pé ó ń wá Yorùbá fún ohun tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ, bí èmi náà ṣe máa ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. "Omi kan wà tó mọ́ gaara, tó yí ọpọlọ gbogbo wa ká. Ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbà wọ inú ọpọlọ. Bí ọkàn bá ń lù, iṣan á máa mì, omi á máa rìn. Á gba àárín ọpọlọ kọjá, á kó ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ jáde. Torí pé ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ó máa ń ní ìdọ̀tí. Ohun tí àwọn tó ń ṣèwádìí rí ni pé ìgbà tí èèyàn bá sùn wọra ni omi yẹn ń ṣiṣẹ́ jù."

Mo ní, "Omi yẹn ló ń mú un wú?"

"Ó wà lára ohun tó ń mú un wú. Nígbà tí iṣan bá dí, ọ̀nà yẹn máa ń dàrú. Omi tó yẹ kó máa fọ̀ ọ́ á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní ríbi jáde bó ṣe yẹ. Agbárí ò sì lè fẹ̀ sí i."

Mo bi í ní ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kì í sùn. Ó tó ọdún mélòó kan tí kò ti sùn bí èèyàn ṣe ń sùn. Ṣé àìsùn ló fa èyí?"

Ó di ọwọ́ mi mú. "Antí, tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Tí mo bá ní rárá, irọ́ náà ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà níwájú. Àìsùn máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru sì máa ń mú iṣan le, tí kò fi ní mì bó ṣe yẹ. Ní ti omi yẹn, ara eku ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo sọ fún yín. A ò tí ì mọ̀ tó."

Mo fẹ́ kó mọ̀. Mo fẹ́ ohun kan pàtó tí màá gbé lọ fún ìyá mi, kí wọ́n lè bínú sí i. Mo bi í ohun tí a lè ṣe. Ó ní àwọn ti gbé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè, àwọn ti fún un lóògùn tó lè fa omi náà. Ó ní iṣẹ́ abẹ kan wà níbi tí wọ́n ti ń ṣí agbárí kí ọpọlọ lè ríbi wú sí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá àwọn ti wò ó, wọ́n ní ara rẹ̀ kò lè gbà á. Ó ní kí a jẹ́ kó sinmi, kí ibẹ̀ dákẹ́ fún un.

Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ tí mo lè ṣe, mo sì fi gbogbo ara dì í mú. Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù náà kò dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bàbá kan ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Àwọn èèyàn ń gba ìpè, wọ́n ń ṣàlàyé àìsàn fún ará Èkó, fún ará Ọ̀yọ́. Mo ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, mo ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní ẹ má bínú, wọ́n á sì gbàgbé. Àwọn nọ́ọ̀sì alára ń jí i. Wọ́n á tan iná sí i lójú, wọ́n á gbá a láyà, wọ́n á ní, "Ràfíù, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mo sọ fún Bísólá pé ẹni tí ẹ ní kó sùn lẹ ń jí. Ó ní, "A gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó ṣì lè jí, Antí." Mo padà lọ jókòó. Lọ́jọ́ yẹn ni mo rántí pé oorun àwọn ará Bódìjà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣọ́ látọjọ́ yìí, mo sì wá rí i pé n kò lè ṣọ́ tirẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá Aládùúrà kó àwọn ìyá ìjọ wọn wá. Gbogbo wọn wọ aṣọ funfun, wọ́n ti gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n mi tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká. Màmá mú agogo jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n mi hunjọ, orí rẹ̀ sì ń mì lórí ìrọ̀rí. N kò mọ ìgbà tí mo gbá agogo náà mú.

Orin dúró. Màmá wò mí. "Ṣé àdúrà lo fẹ́ ká dá dúró ni?"

"Rárá, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Agogo nìkan ni. Wọ́n ní kí ariwo má pọ̀ lórí rẹ̀."

Inú ilé wọn ni à ń gbé. Mùsùlùmí ni mí, àjèjì ni mí, mo sì di agogo àdúrà wọn mú lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ní, "Àgànyìn wo ló ń kọ́ wa ní àdúrà?" N kò fi agogo sílẹ̀.

Màmá ní, "Ọmọ mi ni." Wọ́n tú ọ̀já ìdí wọn, wọ́n fi wé agogo náà, wọ́n sì gbé e sínú báàgì. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn kúnlẹ̀, ètè wọn nìkan ló sì ń mì. Kò sẹ́ni tó tíì pè mí lọ́mọ rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Ìbàdàn. Mo sunkún níbẹ̀, ní ẹ̀yìn wọn, mo sì ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi bóyá á là. Kò là.

Wíwú náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó mú un rọlẹ̀. Ó la ojú, ó mu ẹ̀kọ, wọ́n sì yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń bọ́ ọ kúrò ní imú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbé ohunkóhun mọ́, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti rárá lọ. Mo sọ òtítọ́ fún ìyá wa lórí fóònù. Wọ́n ní, "Gbé e wálé fún mi." Mo ní kò tíì lè jókòó nínú ọkọ̀ dé ibodè, pé ó ṣì ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fún un ní eré ìmárale. Wọ́n ní àwọn á wá. Orúnkún wọn kò gbé wọn dé ọjà mọ́, a sì jọ mọ̀ pé wọn kò lè wá.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ń fi òòyà ya orí àwọn ọmọ ọlọ́mọ, mo sì ń ronú ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi, omi tó ń rìn níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sùn lọ lábẹ́ ọwọ́ mi, n kì í jí i mọ́. Màá ní kí wọ́n dín rédíò kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn nísinsìnyí. Ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń sùn bí mo bá ń fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n oorun náà kì í pẹ́, kì í sì í jinlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń padà sẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó máa ń béèrè bàbá wa tó ti kú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bísólá. Ó ní ó lè jẹ́ pé ibi tó kú nínú ọpọlọ ni, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ọ̀nà omi yẹn kò padà sípò, kí ìdọ̀tí sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Ó ní wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀. Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, ó tẹnu mọ́ ọn fún mi pé kò gbọ́dọ̀ tán nílé, ó sì sìn wá dé ẹnu géètì.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo pe ìyá wa bí mo ṣe máa ń pè wọ́n. Ràfíù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Bó ṣe gbọ́ ohùn wọn, ó nawọ́ ọ̀tún sí fóònù. Mo gbé e sí i létí.

Ó ní, "Màmá." Ọ̀rọ̀ náà mọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo gbọ́ tí Màmá fi ohùn ẹkún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dúró kí wọ́n dúpẹ́ tán, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ń tọrọ àyè. "Màmá, mo fẹ́ lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún mi kí n tó lọ."

Ìta Agbowó ń pariwo bó ṣe máa ń pariwo. Màmá pe orúkọ mi, wọ́n ní, "Kí ló ń sọ?"

Mo ní, "Màmá, ó rò pé ilé la ṣì wà, ní Ṣábẹ̀ẹ́."

Mo gbọ́ èémí wọn. Mo fẹ́ gba fóònù padà, ṣùgbọ́n ó dì í mú, ó ń dúró. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n ní Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún un. Wọ́n ní àwọn èèyàn dáadáa ni yóò bá pàdé. Wọ́n ní yóò lọ, yóò sì padà wá bá àwọn láyọ̀. Wọn kò pariwo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an, bí ẹni pé iwájú wọn gan-an ló kúnlẹ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba lórí bẹ́ẹ̀dì, ní yàrá rẹ̀ ní Agbowó, ó sì ń ṣe àmín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.